Ohun Tí Wákàtí Kan Lójú Òfúrufú Ń Jẹ

Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára pátákó iwájú Cessna 172, bàálù tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ awakọ̀ òfúrufú. Hobbs ni wọ́n ń pè é. Kò tóbi ju èyí tó ń ka kìlómítà nínú mọ́tò lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé jókòó lè má tilẹ̀ kíyè sí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn báyìí, òun náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ó pín wákàtí sí ọ̀nà mẹ́wàá; bí ìṣẹ́jú mẹ́fà bá ti pé, nọ́ńbà kan á yí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lè ṣì wà nílẹ̀, kí bàálù ńlá méjì tó fẹ́ gbéra wà níwájú rẹ̀, kí àwọn tó ń darí ọkọ̀ látinú ilé gogoro sì ní kó dúró ná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí búréèkì, òógùn ń ṣàn wọ kọ́là ẹ̀wù funfun rẹ̀. Nọ́ńbà ń yí. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ní kó máa bọ̀, owó bàbá rẹ̀ ti gbéra ṣáájú rẹ̀.

Mo fi ẹ̀rọ yìí ṣáájú ọ̀rọ̀ mi nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ẹbí tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ pé iṣẹ́ awakọ̀ òfúrufú ló wu òun, a ṣe ìpàdé nílé. Ẹ̀gbọ́n mi mú ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ òkèèrè fi ránṣẹ́ jáde, iye kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A ka iye náà bí ẹni ń ka owó yunifásítì: ọdún kìn-ín-ní, ọdún kejì, ó parí. Ìyá wa àgbà nìkan ló béèrè pé, “Tó bá kọ́ ọ tán, ta ló máa gbé bàálù fún un?” A ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀.” Ẹ̀gbọ́n mi ta pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa pé kì í ṣe ìwé ni wọ́n ń tà nílé ẹ̀kọ́ yẹn. Wákàtí ni wọ́n ń tà.

ICAO, àjọ tó ń ṣètò ìrìnnà òfúrufú lágbàáyé, ló fi òṣùwọ̀n wákàtí lélẹ̀, orí rẹ̀ sì ni àwọn àjọ ìjọba dúró lé, títí kan NCAA tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ gba PPL, ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ tí èèyàn lè fi gbé ara rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìgba owó iṣẹ́, gbọ́dọ̀ ti lo wákàtí 40 lókè. CPL ni ìwé àṣẹ tí a lè fi wa bàálù jẹun. Wákàtí 200 ni wọ́n ń béèrè fún un, àfi bó bá jẹ́ pé ètò kan ṣoṣo tí ìjọba fọwọ́ sí ni ọmọ náà tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí 150 fi lè tó. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ̀ ń béèrè 250. Ẹni tó bá wá fẹ́ gba ATPL, ìwé àṣẹ ọ̀gá awakọ̀ nínú bàálù elérò púpọ̀, wákàtí 1,500 ló ń dúró dè é.

Wákàtí wọ̀nyí kì í ṣe kí a kàn gòkè kí a sì sọ̀ kalẹ̀. Òmíràn wà tí olùkọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn wà tí ọmọ á dá lọ. Ó gbọ́dọ̀ rin ọ̀nà jíjìn, kó balẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fò lóru. Àwọn kan tún wà tí wọ́n á fi nǹkan bo iwájú orí rẹ̀, bí etí fìlà tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kó má lè rí ìta rárá, kó máa fi àwọn aago tó wà níwájú rẹ̀ nìkan wá ọ̀nà, bí ìgbà tó wà nínú kùrukùru. Lẹ́yìn náà ni bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì, tí wákàtí tirẹ̀ máa ń gbówó lórí ju ti ẹlẹ́nìkan lọ dáadáa. Ìlà ìlà ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní logbook: ọjọ́, nọ́ńbà bàálù, ibi tó ti gbéra, ibi tó balẹ̀, iye wákàtí, orúkọ ẹni tó jókòó bí ọ̀gá. Awakọ̀ lè gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kì í gbàgbé ibi tó fi ìwé yìí sí.

Kí wá ni wákàtí kan ń jẹ tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ inú bàálù, ó ní láti yí i ká. Á mú ife kékeré kan tó mọ́ gaara dání, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ apá bàálù, epo díẹ̀ á dà sínú rẹ̀. Á gbé ife náà sókè sójú ọ̀run, á wò ó. Epo náà, Avgas tí wọ́n ń pè ní 100LL, máa ń ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, bí aró tí wọ́n fi omi là. Bí omi bá ti wọ inú táǹkì, yóò rọ̀ sídìí ife, yóò dá dúró gedegbe lábẹ́ epo, nítorí omi wúwo jù ú lọ. Bó bá rí i bẹ́ẹ̀, á dà á nù, á tún gbà, títí yóò fi mọ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá mu omi lókè kò ní etí títì tó lè yà sí.

Epo búlúù yẹn, Cessna 172 ń mu bíi lítà 30 rẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá lo wákàtí 200 ti jó bíi 6,000 lítà. Kì í ṣe bẹntiróòlù tí à ń rà lójú pópó, kì í sì í ṣe Jet A-1 tí bàálù elérò ń mu. A kì í fọ̀ ọ́ ní Nàìjíríà. Òkèèrè ni wọ́n ti ń gbé e wá, àwọn tó sì ń rà á nílẹ̀ yìí kò pọ̀. Ọjà tí oníbàárà rẹ̀ kéré tí ọ̀nà rẹ̀ tún jìn kò lè rọjú. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan fi lọ ra irú bàálù Diamond DA40 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lo Jet A-1. Epo ibẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń ra bàálù náà kò dín kù.

Ẹ́ńjìnnì pàápàá ní ọjọ́ orí. Ẹ́ńjìnnì Lycoming tó wà nínú Cessna 172 òde òní, àwọn tó ṣe é ní bó bá ti pé wákàtí 2,000, kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n tún un tò. Iṣẹ́ yẹn ń gbà ju 20,000 dọ́là lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tó lo wákàtí 200 ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá ayé ẹ́ńjìnnì. Kó tó di ìgbà yẹn, bí wákàtí 100 bá ti ń pé, ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ṣí bàálù náà wò finnífinní, kó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ohun tó rí. Táyà ń jẹ, nítorí pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ a máa gbá a mọ́lẹ̀. Àwọn adójútòfò mọ ìyẹn, wọ́n sì ń bu owó lé e. Cessna 172 tuntun fúnra rẹ̀ ti kọjá 400,000 dọ́là. Gbogbo èyí ló wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́fà tí Hobbs ń kà.

Nígbà tí mo bá ro ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ tí a mọ̀ nílé ni mo máa ń fi wé e. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, àkísà ni ọ̀gá á kọ́kọ́ gbé fún un. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì a máa fọ pààtì, a máa gbá ṣọ́ọ̀bù, a máa sáré lọ ra oúnjẹ; bó ṣe ń kọ́ṣẹ́ ló ń fi ara san owó, títí di ọjọ́ tó bá gba fíríìdọ̀mù. Nínú iṣẹ́ awakọ̀ òfúrufú, kò sí ohun tí ọmọ iṣẹ́ lè ṣe fún ọ̀gá lówùúrọ̀ tó lè tó iye epo tó jó lọ́sàn-án. Kò sí àkísà níbẹ̀. Ohun èlò gidi ni wọ́n fi ń kọ́ ọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ojú ọjọ́ náà ń gba tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó lọ́jọ́ lórí jù lọ ní Nàìjíríà, NCAT, wà ní Zaria láti 1964. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni, ó dára fún ìkọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá dé, erùpẹ̀ Sàhárà á bo ojú sánmà, oòrùn á dà bí ẹyin tí wọ́n fi aṣọ bò. Ẹni tó ń fi ojú lásán wa bàálù gbọ́dọ̀ lè ríran tó kìlómítà márùn-ún. Bí kò bá rí i tó bẹ́ẹ̀, bàálù á wà nílẹ̀. Ìlọrin, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ sí, kò bọ́ lọ́wọ́ ọyẹ́ bákan náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá kí akẹ́kọ̀ọ́ má fò. Owó ilé ń lọ, owó oúnjẹ ń lọ. Èyí tó burú jù ni pé ọwọ́ ń gbàgbé. Ẹni tó ti ń balẹ̀ dáadáa ní oṣù kọkànlá lè padà wá ní oṣù kejì kó máa balẹ̀ bí ẹni tó já bọ́. Olùkọ́ á ní kó tún ẹ̀kọ́ yẹn ṣe. Àtúnṣe yẹn kì í sí nínú iye tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Ìdí nìyí tí wákàtí 200 tí òfin sọ fi máa ń di 220 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí kò yọ̀lẹ rárá.

Ọ̀rọ̀ náírà ni mo fẹ́ sọ báyìí, ó sì ń dùn mí. Epo, pààtì, ẹ́ńjìnnì, ìdójútòfò, dọ́là ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹ jẹ́ ká mú 60,000 dọ́là, kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2014, nígbà tí dọ́là kan wà ní bíi náírà 160, mílíọ̀nù 9.6 náírà ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ní iye tí ìjọba ń pè é, bíi 460, ó ti di mílíọ̀nù 27.6. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó wá ipò ara rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2024, tí dọ́là kan kọjá 1,500, ẹ̀kọ́ kan náà, bàálù kan náà, wákàtí kan náà ti di mílíọ̀nù 90 náírà. Olùkọ́ kò fi kún un, epo tó ń jó kò pọ̀ sí i. Ẹni tó ta ilẹ̀ ní 2022 láti san ìdajì àkọ́kọ́, tó ní òun á ta kòkó lọ́dún tó ń bọ̀ san ìdajì kejì, ìdajì kejì yẹn sá lọ mọ́ ọn lójú. Ọmọ tó bá dúró sí wákàtí 120 kò sì ní ìdajì iṣẹ́ lọ́wọ́, kò ní iṣẹ́ kankan. Ìwé àṣẹ kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń gé tà.

Ká sọ pé owó náà pé, tí CPL bọ́ sọ́wọ́. Níbẹ̀ gan-an ni ìbéèrè ìyá wa àgbà dúró sí. Kò sí ilé iṣẹ́ bàálù tó máa gbé Boeing 737 lé ẹni tó ní CPL nìkan lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ gba type rating, ìyẹn àṣẹ pàtó lórí irú bàálù kan. Ti Boeing 737 kò kan Airbus A320, ti A320 kò sì kan ATR 72. Inú símúlétọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ: yàrá awakọ̀ gidi tí wọ́n gbé lé orí ẹsẹ̀ irin tó ń mì, tó ń gbọ̀n, tó ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí èèyàn á fi gbàgbé pé inú ilé lòun wà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo lè tó mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti pa ẹ́ńjìnnì kan mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ń gbéra, tí wọ́n á tan iná ìkìlọ̀ sí i lójú, ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dán wò lókè gidi. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, kò ṣe é fò. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ tún jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dé ní ọjọ́ tí bàbá ọmọ rò pé òun ti san tán.

Ọmọ Amẹ́ríkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wa ní kíláàsì ní ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí bàálù Colgan Air já lulẹ̀ nítòsí Buffalo ní oṣù kejì 2009, wọ́n ṣòfin tuntun, láti 2013 sì ni ẹni tó bá máa jókòó bí igbákejì awakọ̀ nínú bàálù ilé iṣẹ́ elérò ti ní láti ní wákàtí 1,500, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin dín tiwọn kù. Kí ni ọmọ Amẹ́ríkà ń ṣe? Á di olùkọ́. Á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń san owó, á máa gba owó oṣù, á sì máa ka wákàtí ẹlòmíì mọ́ tirẹ̀. Ẹlòmíì ń fa aṣọ ìpolówó kiri lẹ́yìn bàálù létí òkun, ẹlòmíì ń fọ́n oògùn sóko. Ọmọ tiwa tó lọ pẹ̀lú físà M-1, físà àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́, àyè tí wọ́n sì ń fún un lẹ́yìn rẹ̀ kò ju oṣù mélòó kan lọ. Á kó wákàtí 250 rẹ̀ wálé, á ṣe ìdánwò láti yí ìwé àṣẹ rẹ̀ sí ti NCAA, á sì rí i pé bàálù kékeré tí ẹni bíi tirẹ̀ lè fi ṣiṣẹ́ kò tó nǹkan nílẹ̀ yìí. Láti bàálù oníjókòó mẹ́rin, Boeing ló kàn. Àkàbà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ àwọn igi àárín rẹ̀.

Kì í ṣe bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí Nigeria Airways wà, láti 1958, owó ìjọba ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi kọ́ṣẹ́, ní Zaria tàbí lókè òkun, wọ́n sì bá bàálù tí wọ́n máa wà nílé. Zaria náà ni Chinyere Kalu ti kọ́ṣẹ́, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ tí wọ́n fi ń jẹun ní Nàìjíríà. Ó padà di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ yẹn gan-an. Ọdún 2003 ni wọ́n ti Nigeria Airways pa. Látìgbà náà, ẹrù tí ìjọba ń rù ti bọ́ sórí bàbá àti ìyá.

Ìjọba kò fọwọ́ lẹ́rán pátápátá. Ètò ìdáríjì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fún Niger Delta ní 2009 rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ yìí nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n gba ìwé àṣẹ, wọ́n padà wálé, iṣẹ́ kò sí, nítorí pé type rating kò sí lọ́wọ́ wọn. Ìjọba tún ní láti rán àwọn kan lára wọn padà lọ gbà á. Ìbéèrè ìyá wa àgbà náà ni. Owó tó kọ́ni láìronú kan bàálù tí ẹni náà máa wà, ìdajì ọ̀nà ló gbé e dé.

Èmi gbà pé àwọn tó máa jẹ èrè iṣẹ́ awakọ̀ ló yẹ kó bá wọn pín ìnáwó rẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ ètò ìwọ̀fà: ẹni tó yá owó á máa sin olówó, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, ojú owó á sì dúró gbọnin títí wọ́n á fi san án. Bọ́ọ̀ǹdì àwọn ilé iṣẹ́ bàálù sàn ju ìyẹn lọ. Ilé iṣẹ́ á san owó ẹ̀kọ́, awakọ̀ á fọwọ́ sí i pé òun á bá wọn ṣiṣẹ́ fún iye ọdún kan, ọdún tó sì ń sìn yìí ni yóò máa jẹ ojú owó náà títí yóò fi tán. Àwọn awakọ̀ kan kórìíra rẹ̀, wọ́n ní ó ń dè wọ́n mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ìdè tó ní ọjọ́ ìparí sàn ju ilẹ̀ bàbá ẹni tó ti lọ pátápátá. Ní 2023, British Airways kéde Speedbird Pilot Academy, wọ́n ní àwọn á san owó ẹ̀kọ́ tó lè tó 100,000 pọ́n-ùn lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham, tó ní ẹ̀tọ́ láti gbé níbẹ̀ kó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀, lè díje fún un bí ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà ní Òṣogbo kò rí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kàn.

Nítorí náà, bí òbí bá bi mí léèrè lónìí, mi ò ní kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rárá. Àyẹ̀wò ara ni màá ní kí ọmọ náà lọ ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní Class 1, lọ́dọ̀ dókítà tí NCAA fọwọ́ sí, kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kan. Dókítà á wo ojú, etí, ọkàn, ìfúnpá, bí ọmọ ṣe ń mọ àwọ̀ yàtọ̀. Dígí ojú kì í dí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, bí ojú náà bá ti lè ríran bó ṣe yẹ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí àyẹ̀wò bá sì dá dúró, ó sàn kó mọ̀ kí ilẹ̀ tó di ti ẹlòmíì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n béèrè iye gbogbo ọ̀nà, type rating wà níbẹ̀, àtúnṣe ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, owó ìyíwèé wà níbẹ̀. Kí wọ́n má sì san gbogbo owó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bó ti wù kí ẹ̀dínwó tí wọ́n fi ń fà wọ́n pọ̀ tó. Tayside Aviation ní Dundee, nílẹ̀ Scotland, ilé ẹ̀kọ́ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, dẹ́kun iṣẹ́ lójijì ní oṣù kẹrin 2023. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti san owó wákàtí tí wọn kò tíì fò dúró síta pẹ̀lú logbook wọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi parí tirẹ̀. Wákàtí 214 ló kó bọ̀ wálé. Ó ti di ọdún kẹta báyìí, type rating kò tíì ṣeé ṣe, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ta páànẹ́ẹ̀lì oòrùn. Àyẹ̀wò Class 1 ti ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún kì í ju oṣù 12 lọ kó tó kú, nítorí náà, lọ́dọọdún ló ń tọ́jú owó, á wọ mọ́tò lọ sí Èkó, á jókòó síwájú dókítà, á ka lẹ́tà ara ògiri. Mo bá a lọ lọ́dún yìí. Nígbà tí a jáde, ó ṣí logbook rẹ̀ nínú mọ́tò láti fi ìwé àyẹ̀wò tuntun sáàárín rẹ̀. Ojú ewé tó ṣí sí ni èyí tó kọ kẹ́yìn: ìlà mẹ́rin, ìbúwọ́lù olùkọ́, 1.4 nínú àpótí wákàtí, lẹ́yìn náà ìlà òfìfo títí dé ìsàlẹ̀. Ó fi ìwé náà síbẹ̀, ó pa á dé, ó gbé e lé itan rẹ̀. Ó ní, “Bàbá kékeré, ó tún di ọdún tó ń bọ̀.”